Ìjánu Ọwọ́: Àròjinlẹ̀ lórí Kíkun Orí Ẹṣin ní Ọ̀dà Olómi

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yí òwe náà padà díẹ̀: ẹṣin gan-an ni mo fẹ́ fi wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọnù náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a bá ń gbé ìwà ọmọ ènìyàn sórí ìwọ̀n, ṣé ohun tí ó ṣe nìkan ni ó yẹ kí á kà, tàbí ohun tí ó lè ṣe ṣùgbọ́n tí ó fi sílẹ̀ láìṣe náà ní ìwọ̀n tirẹ̀?

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ìdí iṣẹ́ àwòrán ni mo ti fẹ́ wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹnu ẹṣin ni a ti mú un. Ìjánu ni irin àti awọ tí a fi ń kó ẹṣin lẹ́nu kí ó má baà sá lọ sí ibi tí ẹni tí ó gùn ún kò rán an. Bí a bá ní ẹnì kan kó ara rẹ̀ níjàánu, ohun tí a ń sọ ni pé ẹni náà ni ẹṣin, òun náà sì ni ẹlẹ́ṣin. Ẹni tí ó bá jókòó láti kun orí ẹṣin tòun ti ìjánu rẹ̀ ti jókòó ti àfiwé tí èdè wa ti ṣe tipẹ́tipẹ́. Èrò mi ni pé bí ó bá jẹ́ ọ̀dà olómi ni ó fẹ́ lò, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ìjánu sí.

Bí iṣẹ́ náà ti rí

Ọ̀dà olómi ni ọ̀dà tí a ń fi omi pò. Kò nípọn bí ọ̀dà eléròjà òróró. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú rẹ̀ kọjá dé ara bébà, a sì tún máa ti ara bébà padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. Ibẹ̀ ni òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ti wá: àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ kò lè bo èyí tí ó ṣókùnkùn. Ẹni tí ń lo ọ̀dà olóròóró lè kun ojú ẹṣin ní dúdú lónìí, kí ó sì kán funfun bíńtín lé e lórí lọ́la kí ojú náà lè máa dán. Ẹni tí ń lo ọ̀dà olómi kò ní irú ọ̀la bẹ́ẹ̀. Bébà fúnra rẹ̀ ni funfun tirẹ̀. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ó funfun, kí ó má fọwọ́ kàn án ni.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? A ó rẹ bébà sínú omi, a ó nà án mọ́ pákó, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó má baà ká kò nígbà tí omi ọ̀dà bá dé ara rẹ̀. A ó fi pẹ́ńsù ya ìlà orí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ó fẹ̀ lókè níbi tí ojú wà, ó ń tín-ín-rín lọ sí ìsàlẹ̀ níbi imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì rí roboto bí àwo. Ojú ẹṣin kò sí níwájú bí ti ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ó wà. Òun ni ẹṣin fi ń rí ọ̀tún, òsì àti apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin ojú rẹ̀ wà lára àwọn tí ó tóbi jù láàárín àwọn ẹranko orí ilẹ̀, dúdú àárín rẹ̀ kò sì rí roboto bí tiwa. Ó nà gbọọrọ ní ìbú.

Kí ọ̀dà tó kan bébà, a ó ti pinnu àwọn ibi tí a kò ní kùn: ojú kékeré kan nínú ẹyin ojú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ mànà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oòrùn fà sórí egungun imú, ibi tí irin ìjánu ti ń dán, etí ihò imú tí ó tutù. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi àwọ̀ tí ó fúyẹ́ jù bẹ̀rẹ̀, tí a ó sì máa lọ sí èyí tí ó ki ní díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a bá fẹ́ kí àwọ̀ méjì yọ́ wọ inú ara wọn, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn, a ó kùn ún nígbà tí bébà ṣì tutù. Ibi tí a bá fẹ́ kí etí rẹ̀ hàn gbangba, bí ìpéǹpéjú, ihò imú àti awọ ìjánu, a ó dúró kí ó gbẹ.

Ìdúró yìí ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà. Bí búrọ́ọ̀ṣì tí omi kún bá kan ibi tí kò tíì gbẹ tán, omi tuntun yóò ti ọ̀dà ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn, àbàwọ́n tí etí rẹ̀ rí jágajàga yóò sì yọ síbẹ̀. Bí a bá sì ń kun àwọ̀ lé àwọ̀ láìsinmi, ìmọ́lẹ̀ kò ní rí ara bébà mọ́, orí ẹṣin yóò sì dà bí ẹrẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ọ̀dà olómi a máa ṣá díẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ẹni tí ó bá yára dá a lẹ́jọ́ nígbà tí ó tutù, ẹjọ́ èké ni ó dá.

Lóòótọ́, àṣìṣe ṣeé nù díẹ̀. A lè fi búrọ́ọ̀ṣì tútù tàbí kànìnkànìn fa ọ̀dà kúrò, a sì lè fi ẹnu ọ̀bẹ ha ojú bébà. Ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ kan a máa wọ inú bébà ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni bébà tí a ti ha kì í rí bí èyí tí a kò fọwọ́ kàn rí. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀dà olómi kò jìnnà sí ohùn.

Ohun tí ọwọ́ mi ṣe

Mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ náà yóò mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ọdún Ojúde Ọba a máa wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun a sì máa gun ẹṣin wá sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ tí mo kọ́, ọjọ́ yìí nìkan ni wọ́n ń sún mọ́ ẹṣin ní ọdún.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ibi Ojúde Ọba ni ó ti ya orí ẹṣin kan sínú ìwé kékeré rẹ̀, ó sì wá ń kùn ún ní ọ̀dà olómi ní kíláàsì. Ẹṣin pupa rúsúrúsú ni. Etí rẹ̀ méjèèjì nà síwájú bí ẹni pé ìlù ni ó ń gbọ́. Gọ̀gọ̀ rẹ̀ ṣubú sí apá kan ọrùn. Awọ ìjánu rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó ti ń nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ti kun ojú ẹṣin náà ní dúdú, ṣùgbọ́n ó fi ibì kan sílẹ̀ ní funfun láàárín rẹ̀, èyí tí ó tóbi ju bí mo ti rò pé ó yẹ lọ.

Mo bi í pé, “Kí ló dé tí o kò parí ojú yìí?”

Ó ní, “Mo ti parí rẹ̀, sà.”

Mo rò pé àìmọ̀ ni. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, mo kì í bọ inú ọ̀dà dúdú, mo sì ní kí n dín funfun náà kù díẹ̀. Bébà kò tíì gbẹ. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, dúdú ti ṣàn bo gbogbo ojú, ó sì ti ya sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, ó burú sí i. Ẹṣin tí ó ń wo èrò ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di ẹṣin afọ́jú. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Bí ó bá jẹ́ pé ó sunkún ni, ǹ bá rí ohun tí mo lè pẹ̀tù sí. Ṣùgbọ́n a kò tọ́ ọmọ tiwa láti sọ fún olùkọ́ pé ó ti ba nǹkan òun jẹ́. Nítorí náà, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò rọra fi apá bo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìrànlọ́wọ́ tí àgbà ń ṣe fún èwe. Apá kejì rẹ̀ kò yé mi rí títí di ọjọ́ náà. Ojú ẹṣin yẹn ni kèrègbè. Ọwọ́ mi ni kò wọ̀ ọ́.

Mo wá bi ara mi léèrè pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ gan-an? Ire ni mo gbèrò. Mo mọ ọ̀dà ju ọmọ náà lọ. Mo sì ní ẹ̀tọ́ láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni. Èrò mi kò burú, ìmọ̀ mi kò kéré, àṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ ohun rere kan bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ní: agbára láti fi í sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ti mọ èyí ṣáájú wa

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 750, ayàwòrán ará Ṣáínà kan tí ń jẹ́ Han Gan fi tàdáwà ya ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin ọba Xuanzong sórí bébà. Ẹṣin funfun ni, orúkọ rẹ̀ sì sọ pé ó ń tàn ní òru. Àwòrán náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. A so ẹṣin náà mọ́ òpó. Orí rẹ̀ gbé sókè, ojú rẹ̀ ranjú, ihò imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹni pé yóò já okùn. Bẹ́ẹ̀ ni funfun ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Ojú bébà ni, tí ìlà àti òjìji díẹ̀ yí ká. Ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ ṣe ni ó jẹ́ kí ohun tí ọwọ́ kò ṣe di ẹṣin.

Ọ̀dà olóròóró ni George Stubbs, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Liverpool ní 1724, lò fún àwòrán tirẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Láàárín 1756 sí 1758, ó jókòó ní abúlé Horkstow ní Lincolnshire, ó ń la òkú ẹṣin, ó ń ṣí awọ, iṣan àti egungun wọn ní ìpele ìpele, ó sì ń ya ohun tí ó rí. Ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde wáyé ní 1766. Ní nǹkan bí 1762, ó ya ẹṣin kan tí ń jẹ́ Whistlejacket sórí aṣọ tí ó ga tó mítà mẹ́ta díẹ̀ ni kò pé. Kò sí igi lẹ́yìn ẹṣin náà, kò sí òkè, kò sí ẹlẹ́ṣin lórí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹṣin dé inú egungun ni ó fi gbogbo àyíká ẹṣin sílẹ̀ lófìfo.

Nílẹ̀ tiwa, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére Èkìtì tí ó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó ààfin. Ẹlẹ́ṣin a tóbi, ẹṣin a kéré lábẹ́ rẹ̀, orí a sì tóbi ju bí ó ti yẹ fún ara lọ, nítorí ipò tí orí wà nínú èrò Yorùbá. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọkùnrin náà kò mọ bí ẹṣin ti tóbi tó. Iṣẹ́ rẹ̀ sì bá ti ọ̀dà olómi mu ní ibì kan: igi tí ẹnu irin bá ti gé kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Nínú iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 1973, Robert Farris Thompson ṣe àlàyé ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ wa nípa ère tí ó dára. Jíjọra wà lára rẹ̀: kí ère jọ ohun tí a fi ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ kọjá ààlà. Àní nínú ìjọra, ìjánu wà.

Àtakò méjì

Ẹnì kan lè dìde kí ó sọ pé ọ̀ràn irinṣẹ́ lásán ni mo ń sọ di ọ̀ràn ìwà. Yóò ní Albrecht Dürer ará Jámánì ya ehoro kan ní ọ̀dà olómi ní 1502, èyí tí ó wà ní Albertina ní ìlú Vienna, ó sì fi ọ̀dà funfun tí ó ki fa irun ehoro náà lé orí àwọ̀ mìíràn. Láti 1834 ni a sì ti ń ta irú funfun bẹ́ẹ̀ tí a fi zinc ṣe fún àwọn tí ń lo ọ̀dà olómi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí funfun bá wà nínú àgé, kí ni ìdí tí a ó fi máa bẹ̀rù bébà?

Òótọ́ ni. Kò sí ẹ̀bi nínú lílo funfun àgé, iṣẹ́ Dürer sì ju ohun tí ẹnu ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n àtakò yìí fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn wá. Ohun tí ó ní àtúnṣe, a lè fi wàdùwàdù ṣe é. Ìbéèrè nípa ìwà kì í le níbẹ̀. Ó ń le nídìí ohun tí kò ní funfun nínú àgé: ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ọmọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, èsì tí a fi ìbínú kọ, máàkì tí a fi ìkánjú fún ẹni tí ó ṣe ìdánwò, ọwọ́ tí a nà sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi ni ó ń ṣẹlẹ̀ láyé nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan fi ọwọ́ lẹ́rán. Aládùúgbò gbọ́ igbe, kò jáde. Olùkọ́ rí ọmọ tí ń ṣìnà, kò pè é. Bí a bá ń yin àìṣe, ṣé ọ̀lẹ àti ojo kọ́ ni a ń yìn?

N kò lè fi ọwọ́ rọ́ àtakò yìí sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi ojú bébà sílẹ̀ ní funfun láti òkè dé ilẹ̀ kò kun ẹṣin rárá. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ wá ohun tí a ó fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjánu àti ojo.

Àmì mẹ́ta

Ìdí iṣẹ́ náà ni mo ti rí àmì mẹ́ta.

Èkíní ni ìmọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí ojú ẹṣin wà kò lè fi ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí kò kun ibì kan nítorí pé kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ kò kó ara rẹ̀ níjàánu. Àìmọ̀ ni ó dá a dúró. Ẹni tí ó lè ṣe é, tí ó sì mọ bí a ti ń ṣe é, òun nìkan ni ó lè fi í sílẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ tí ó yí àìṣe ká. Dúdú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ni ó ń jẹ́ kí funfun di ìmọ́lẹ̀ ojú. Bí a kò bá kun dúdú náà dáadáa, funfun yóò dúró bí ibi tí a gbàgbé. Olùkọ́ tí ó bá dákẹ́ ní ìdí iṣẹ́ ọmọ lẹ́yìn tí ó ti kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, ìdákẹ́ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Èyí tí kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, tí ó wá ní òun ń fi í sílẹ̀ kí ó lo òye ara rẹ̀, ń tan ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí àìṣe náà wà fún. Ojo ń fi nǹkan sílẹ̀ kí ara tirẹ̀ lè wà láìléwu. Ẹni tí ó kó ara rẹ̀ níjàánu ń fi í sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí àyè. Aládùúgbò tí kò jáde ń ṣọ́ ara rẹ̀. Àyè kankan kò ti ibẹ̀ ṣí fún ẹni tí ń ké. Ṣùgbọ́n funfun inú ojú ẹṣin wà fún ẹni tí yóò wò ó. Ojú òǹwòran ni yóò parí rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ẹni tí ó bá sọ odidi fún ọmọlúwàbí ti fi hàn pé òun kò kà á sí ọmọlúwàbí. Ohun tí mo ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Ó fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi nínú ojú ẹṣin, mo sì sọ ọ́ di odidi pẹ̀lú ọ̀dà dúdú.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò má rò pé ọ̀rọ̀ ayàwòrán nìkan ni èyí. Nínú àròkọ yín náà, ẹ óò rí gbólóhùn kan tí ó ti sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ̀rù yóò bà yín pé olùyẹ̀wò lè má lóye, ẹ óò sì fẹ́ fi mẹ́ta mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹ tún un kà. Bí èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ti ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkádìí

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí a fi sílẹ̀ láìṣe ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n ṣe, tí a ṣe èyí tí ó yí i ká, tí a sì fi í sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá kù, ìwọ̀n náà a fúyẹ́.

Ó kù mí ku ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè pè é. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ba ẹṣin rẹ̀ jẹ́, pé kò yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé kí ó má bínú. Kò mọ ohun tí ó lè sọ, ó wólẹ̀. Mo fún un ní bébà tuntun. Bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Ó kun òmíràn láti inú ìwé kékeré rẹ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò rí bí ti àkọ́kọ́. Funfun tí ó fi sílẹ̀ nínú ojú èyí kéré, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè dí i.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwa olùkọ́ ni ẹṣin iwájú, a sì máa ń rò pé eré wa nìkan ni àwọn ọmọ ń wò. Wọ́n ń wo ìgbà tí a dúró pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà kun ẹṣin kejì, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi parí. Kò fi apá bo iṣẹ́ rẹ̀. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo sì dì wọ́n mú.